Bí Ìyá Mi Ṣe Ń Ká Aṣọ

Ìyá mi a ti ìka mẹ́ta bọ inú abọ́ omi, a gbé wọn sókè, a dúró díẹ̀ kí èyí tó pọ̀jù kán padà, lẹ́yìn náà ni yóò wá wọ́n ìyókù sórí aṣọ. Kì í wọ́n ọn bí ẹni ń lé adìyẹ. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń mì. Omi náà á bọ́ sórí aṣọ ní wínníwínní, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, á wá na ọwọ́ sí áyọ́ọ̀nù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kò ní dáhùn. Ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá ti kan aṣọ, tí èéfín díẹ̀ sì ti yọ, ni yóò ní, "Ẹn-ẹn, kí lo wí?"

Alágbàfọ̀ ni. Yàrá kan létí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tó fi kúbùsù bò, ó wá fi aṣọ funfun bo kúbùsù náà. Aṣọ funfun yẹn ti pọ́n níbi tí áyọ́ọ̀nù máa ń gbà kọjá. Pẹpẹ wà lára ògiri fún aṣọ tó ti parí. Yàrá kékeré wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọpọ́n ìfọṣọ àti okùn ìsáṣọ wà.

Bàbá wa ti lọ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó wáṣẹ́ lọ, a ò sì rí i mọ́. Bí oníbàárà tuntun bá béèrè ọkọ rẹ̀, ìyá mi á ní, "Ó lọ kó aṣọ wá." Èèyàn á rẹ́rìn-ín, kò sì ní béèrè mọ́.

Ìyá mi kú ní ọ̀sán, lórí àga ṣọ́ọ̀bù. Ìyá oníbúrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara kan ara ló bá a níbẹ̀. Ó rò pé ó ń tòògbé ni. Ó ní, "Ìyá, ẹ dìde, oníbàárà ti dé." Oníbàárà ti dé lóòótọ́. Ìyá mi ò dìde. Wọ́n ní ó ti yọ wáyà áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná kó tó jókòó. Gbogbo ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ ló sọ èyí fún mi. Ìyá oníbúrẹ́dì sọ ọ́, onílé sọ ọ́, àbúrò ìyá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń gbọ́, mo ń mi orí.

Mi ò sunkún. Mo rí i pé àwọn èèyàn ń wò mí láti mọ ìgbà tí n ó bẹ̀rẹ̀. Mo ń po tíì fún wọn. Mo ń bi wọ́n bóyá ṣúgà náà tó.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé láti ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òórùn ọṣẹ ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò ìyá mi, tí à ń pè ní Àǹtí, wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ká apá aṣọ sókè, ojú rẹ̀ ti wú. Okùn ìsáṣọ kún dé ìpẹ̀kun. Aṣọ ìyá mi ló wà lórí rẹ̀. Ìyókù ti wà nínú ilé, ó ti lọ̀ wọ́n.

Alágbàfọ̀ ni Àǹtí náà. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan nígbà ọ̀dọ́ wọn ni. Àǹtí ṣì wà níbẹ̀. Ìyá mi ni kò lè dúró. Ọ̀gá wọn ló sọ fún un pé kó yé fi àkókò ṣòfò lórí aṣọ ibùsùn, pé aláìsàn ò mọ̀ bóyá aṣọ tí òun sùn lé rún tàbí kò rún. Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀, sà." Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù. Àǹtí ló máa ń sọ ìtàn náà, ibi tó sì máa ń parí sí ni pé ìyá mi ká épírọ́ọ̀nù ọ̀hún dáadáa, ó gbé e lé orí tábìlì ọ̀gá, kó tó jáde. "Ẹni tí inú ń bí! Ó tún ń wá ibi tí etí aṣọ ti máa bá ara mu!"

Lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó fà mí mọ́ra.

"Mo ti fọ gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Mi ò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ṣé kí àlejò wá bá aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ní játijàti ni? Kí wọ́n ní alágbàfọ̀ kú, aṣọ ẹ̀ dọ̀tí?"

"Ẹ ṣeun, Àǹtí."

Mo wọ yàrá ìyá mi. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ tò gẹ́rẹ́ sórí ara wọn, ó mọ́, ó ń ta sánsán. Mo gbé ọ̀kan, mo wò ó. Mo gbé òmíràn. Mo pe Àǹtí.

"Àwọn tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Mo tú wọn. Mo fọ̀ wọ́n, mo tún wọn lọ̀. Mo tún wọn ká." Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Kò dáa ni?"

"Ó dáa, mà."

Kò sí ẹni tó lè bá Àǹtí wí. Bí ẹlòmíràn bá ń ṣọ̀fọ̀, á jókòó. Àwa, tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ojú ẹ̀, aṣọ là ń wá fọ̀. Kò ro ohun tó tú sílẹ̀. Èmi gan-an ò ronú kàn án rí kí n tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Àwọn tó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì máa ń na apá rẹ̀ gùn wálẹ̀. Bí Àǹtí ṣe ń ká a nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwòsàn nìyẹn. Ìyá mi á ká apá náà padà sókè, á wá jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi lórí èjìká, bí ẹni tí òtútù ń mú tó gbá ara rẹ̀ mọ́ra. Ó ní bí wọ́n bá na apá aṣọ wálẹ̀, ó máa ń dà bí òkú. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo bá a lẹ́nu rẹ̀ ni. Aṣọ ilé ìwé mi wà bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ lórí àga, ó máa ń gbóná lára mi títí n ó fi dé ẹsẹ̀ òkè tó wà lọ́nà ilé ìwé. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bó bá fẹ́ fọwọ́ kàn mí, kọ́là mi ló máa ń tọ́.

Ọjọ́ tí mo ń lọ sí yunifásítì, ó to aṣọ mi sínú àpótí, ó dùbúlẹ̀ lé àpótí náà kí ó tó lè pa dé. Ó ní, "Bó o bá ti tú u, mi ò sí níbẹ̀ láti tún un ká o." Mo rò pé ó ń bú mi ni. Mo ní, "Ẹ má dà mí láàmú, mo ti dàgbà." Ó ní, "Ta ló sọ pé o ò dàgbà? Aṣọ ni mo ń bá wí."

Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní onílé ti rí ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó sì fẹ́ wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Dá aṣọ oníkálukú padà fún un, kí o ti ilẹ̀kùn, kí o fún onílé ní kọ́kọ́rọ́."

"Ó dáa."

"Àbí ìwọ náà fẹ́ máa fọṣọ ni?"

"Rárá."

"Ẹn-ẹn. Mo kàn ní kí n béèrè." Ó tún bi mí pé, "Ṣé o ti sunkún?"

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀," ni mo wí.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Eruku díẹ̀ ti bọ́ sórí tábìlì. Abọ́ omi ti gbẹ. Mo gbé ojú sókè sí pẹpẹ, mo sì rí wọn: ṣẹ́ẹ̀tì, búláòsì, aṣọ iṣẹ́, wọ́n kún ibẹ̀, gbogbo wọn sì gbá ara wọn mọ́ra bí ìyá mi ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo jókòó sórí àga. Mo mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹyọ kan ni mo fẹ́, kí n gbé e sílé mi bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tú u. Àmọ́ kò sí tiwa níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín.

Ìyá mi kì í kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀. Òwú ló ń lò. Kálukú ní àwọ̀ tirẹ̀, tó máa ń fi abẹ́rẹ́ gún sínú kọ́là tàbí sí ìdí ṣòkòtò. Bó o bá dé ibẹ̀, àwọ̀ rẹ lo máa dárúkọ. Awakọ̀ kan wà tó fún ní pupa. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, kí ló dé tó fi jẹ́ pupa? Ṣé mo dáràn ni?" Ìyá mi ní, "O ò tíì dá a. Mo wo ojú ẹ, mo ní kí n ti sàmì sí i." Láti ọjọ́ náà, kò lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn.

Òun ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Pupa," ló wí, ó sì wo ilẹ̀.

Mo kó o fún un. Ó gbé e dání bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní ìyá mi ti bá òun rí eyín bàbá òun nínú àpò kóòtù rí, eyín àtọwọ́dá. Ó ní ìyá mi wé e sínú ìwé, pé kí òun sọ fún bàbá kó wá gba ẹ̀rín rẹ̀. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dà rú mọ́ ọn lẹ́nu, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé ni tirẹ̀. Ó gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wá na báàgì kan sí mi. Aṣọ tó dọ̀tí ló wà nínú rẹ̀.

"Mà, a ti ń ti ṣọ́ọ̀bù."

"Mo mọ̀." Kò fa báàgì náà padà. "Mo mọ̀, jàre. Ọwọ́ mi ló mú un wá."

A jọ dúró, a jọ di báàgì náà mú. Lẹ́yìn náà ló gbà á padà.

Bí wọ́n ṣe ń wá nìyẹn. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí àárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, ó ń sọ ẹni tó ń bọ̀ fún mi kó tó dé. "Aró nìyẹn. Alárìíwísí ni, ìyá ẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n mú." Obìnrin aró ọ̀hún ní ìyá mi pẹ́ jù nídìí iṣẹ́. Ó ní òun kánjú wá lọ́jọ́ kan, òun ní, "Ìyá, ẹ yára, mò ń lọ síbi ìgbéyàwó," ìyá mi sì bi òun pé, "Ìwọ ni ìyàwó?" Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fẹjọ́ sùn. Ó gba aṣọ rẹ̀. Ó dé títì, ó padà wá, ó ní, "Ó mọṣẹ́ o. Mi ò sọ pé kò mọṣẹ́."

Pẹpẹ òkè ṣófo. Èyí tó wà láàárín ṣófo. Mo ń wo bí gbogbo wọn ṣe ń jáde, tí wọ́n há wọn mọ́ abíyá, tí wọ́n ń tẹ̀ wọ́n sínú báàgì. Mo mọ̀ pé lálẹ́ wọ́n á tú wọn. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa fún onílé ní kọ́kọ́rọ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló kù. Mo yẹ kọ́là rẹ̀ wò. Òwú funfun ni.

"Ti Bàbá Géètì ni," Ìyá oníbúrẹ́dì wí. "Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páálí. Ìyá ẹ ní kó mú àwọ̀, ó ní aṣọ òun funfun, kí òwú òun náà funfun. Ìyá ẹ ní, 'Báwo ni n ó ṣe rí i?' Ó ní, 'Èyí tẹ́ ẹ ò bá rí, tèmi nìyẹn.'"

"Ṣé ó máa wá?"

"Kò yọjú látìgbà tó ti ṣẹlẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n ní." Ó ń nu tábìlì búrẹ́dì rẹ̀. "Ó lè má wá mọ́."

Kò wo ojú mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà, mo fi ìwé ńlá wé e, mo gbé e sínú báàgì mi lórí ohun gbogbo, kí nǹkan má tẹ̀ ẹ́. Mo gbá ilẹ̀. Mo da omi ọpọ́n nù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí ti kó áyọ́ọ̀nù lọ, àwọn tó ra tábìlì ò tíì wá gbé e. Mo gbé báàgì mi lé orí rẹ̀, mo ń wá ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí, ni ọkùnrin kan bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlagbà ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tó ti ya lábẹ́ abíyá. Bàtà rẹ̀ ń dán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ìwọ lọmọ tó lọ sí yunifásítì."

"Èmi ni, sà."

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ ẹ. Kì í sọ ọ́ púpọ̀. Bó bá ti sọ ọ̀kan, á ní kí n fún òun ní áyọ́ọ̀nù." Ó wo pẹpẹ. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Funfun," ló wí.

Ìyá oníbúrẹ́dì ti dìde nídìí àpótí rẹ̀.

"Kò sí nǹkan lórí pẹpẹ mọ́, sà," ni mo dáhùn.

"Mo rí i." Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Mo pẹ́ kí n tó wá. Ẹ̀bi mi ni. Òní ni mò ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ní ká wá ya fọ́tò ní ẹnu géètì, ká wọ funfun. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣí géètì yẹn fún wọn, wọn ò yà mí ní fọ́tò rí. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń yà."

"Ẹ ò ní òmíràn nílé, sà?"

"Ìyá ẹ ló kó mi sí i. Ó ní ẹyọ kan tó mọ́ sàn ju mẹ́wàá tó rún lọ. Mo gbọ́ràn, mo kó ìyókù fún ọmọ mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni gbọ́ràn sí obìnrin lẹ́nu, wò ó bó ṣe dúró."

"Mo lè ra òmíràn fún yín. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níwájú. Mo lè sáré lọ báyìí."

Ó wò mí. Ó wo báàgì tó wà lórí tábìlì, ó tún wò mí. Mọ́tò kan kọjá.

Mo ṣí báàgì. Mo gbé ìwé ńlá náà jáde, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ṣí i. Ṣẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì wà léjìká.

"Ìyá mi ló ká a," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Ta ni ì bá tún ká a báyẹn?"

"Nínú ohun tó ká, òun nìkan ló kù. Ìyókù ti lọ."

Ó na ọwọ́, ó sì dá a dúró kó tó kan aṣọ náà. Ó nu ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò. Ó tún na ọwọ́, ó tún dá a dúró.

"Ǹ bá fi í sílẹ̀," ló wí. "Lóòótọ́, ǹ bá fi í sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti ń dúró dè mí."

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣé kí n tú u ni, àbí ìwọ ló máa tú u?"

Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo gbé apá ọ̀tún kúrò ní èjìká, mo nà án. Mo gbé apá òsì, mo nà án. Mo gbá kọ́là mú, mo gbé e sókè, ìyókù sì já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́.

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì eérú. Nígbà tó jáde, mo ràn án lọ́wọ́ nítorí èjìká rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ń de bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìyá oníbúrẹ́dì wọlé, ó wò ó yí ká, ó ní, "Bàbá Géètì, ẹ dà bí ọkọ ìyàwó."

"Ta ló fẹ́ fẹ́ mi? Ìwọ?"

"Ẹ lọ, jàre. Wọ́n ń dúró dè yín."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kò tọ́pẹ́. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì eérú rẹ̀ ní wérewère, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀rá, ó sì bọ́ sí títì. Ó dúró kí kẹ̀kẹ́ kan kọjá. Ó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí òjìji wà, ó ń fi ọwọ́ kan de bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ èkejì, kò wọlé, ó tún un gbìyànjú, ó ń lọ, ó sì yà sí ọ̀tún níwájú ilé kẹ́míìsì.